Láti Orí Pápá dé Kóòtù

Ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá ṣì gbà pé ọmọ tó bá gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù ti pa ìwé tì. Ikọ̀ Green Eagles ilẹ̀ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà l'Ékòó lọ́dún 1980 já irọ́ yẹn. Góòlù mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi na Algeria: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pọ́lì Ìbàdàn, gbá méjì wọlé, Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta bákan náà, gbá ẹ̀kẹta. Adokiye Amiesimaka tó ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó wà láàárín wọn. “Chief Justice” ni Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù, máa ń pè é lórí rédíò. Kò jókòó sórí àga adájọ́, ṣùgbọ́n ó di kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹnìkan lè sọ pé ọlọ́pọlọ àrà ọ̀tọ̀ làwọn yẹn. Lóòótọ́, wọn ò pọ̀. Àmọ́ agbábọ́ọ̀lù mìíràn náà lè di adájọ́ pàápàá: ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn téèyàn di lọ́yà ni ìwé òfin 1999 béèrè fún adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Agbábọ́ọ̀lù tó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 33, tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì àti ọdún kan ní Law School, á tó o kó tó pé 50. Kóòṣì tó ń yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì gan-an ló ń dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní Wásinmi, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọdẹ́gbàmí ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí ìwé àti bọ́ọ̀lù ti jọ ń lọ.