Ariwo atẹ́gùn láti ojú fèrèsé òrùlé ọkọ̀

Ariwo atẹ́gùn láti ojú fèrèsé òrùlé ọkọ̀ jẹ́ ìró ńlá tí ó máa ń mi inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà tí fèrèsé tí ó wà lókè orí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sunroof, bá wà ní ṣíṣí tí ọkọ̀ náà sì ń sáré níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó yàtọ̀ sí híhó tí atẹ́gùn máa ń hó lásán. Ó máa ń dún bí ìlù, gbì-gbì-gbì, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu etí àwọn tí ó jókòó sínú ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ń pè é ní wind buffeting tàbí wind throb. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré bá wà láàárín nǹkan bíi kìlómítà 40 sí 80 ní wákàtí kan, ó sì lè dákẹ́ lójijì bí awakọ̀ bá fi kún eré tàbí tí ó bá dín in kù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé atẹ́gùn tí ó ń rọ́ wọlé ni ó ń pariwo, nítorí náà wọ́n a máa wá ohun tí wọn yóò fi dí i. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí ó ń dún gan-an ni afẹ́fẹ́ tí ó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn ìta kàn ń lù ú ni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe tí ó rọrùn jù lọ ni kí a tún ṣí fèrèsé mìíràn kún èyí tí ó ti wà ní ṣíṣí, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé a fẹ́ fi iná pa iná.

Bí ariwo náà ṣe ń wáyé

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn máa ń gba ojú gíláàsì iwájú gòkè, á sì máa ṣàn lórí òrùlé. Bí ó bá dé etí iwájú ihò fèrèsé òrùlé, irin tí ó ń tẹ̀ lé tán lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó pàdé níbẹ̀: èyí tí ó wà lókè ń sáré, èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ààlà àárín àwọn méjèèjì kì í lè dúró gbọọrọ. Ó máa ń ká bí ẹni ń ká ẹní, á sì di ààjà kéékèèké tí wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn lọ sí etí ẹ̀yìn ihò náà. Nígbà tí ààjà kan bá forí sọ etí ẹ̀yìn yìí, díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ta wọ inú ọkọ̀, ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ á sì lọ sókè díẹ̀. Ìfúnpá náà á ti afẹ́fẹ́ padà gba ojú ihò síta, ìtì yìí á sì mi ààlà tí ó wà ní etí iwájú, ààjà tuntun á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ṣe ń bí èkejì.

Bí ó bá jẹ́ ààjà yìí nìkan ni, ariwo náà kì bá tí tó nǹkan. Ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá ni pé inú ọkọ̀ ní ìró tirẹ̀ tí ó fẹ́ràn láti máa dún. Ẹni tí ó bá ti fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn kọjá lẹ́nu ìgò tàbí akèrègbè òfìfo rí mọ̀ pé ohun èlò náà yóò dún, àti pé èyí tí inú rẹ̀ tóbi ní ohùn ìsàlẹ̀ ju èyí tí inú rẹ̀ kéré lọ. Hermann von Helmholtz, oníṣègùn àti onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó gbé láyé láàárín ọdún 1821 sí 1894, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó ṣàlàyé irú ìró bẹ́ẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde lórí ìró àti orin ní ọdún 1863. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní Helmholtz resonance títí di òní. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé náà, afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́nu ìgò dà bí ẹrù, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ikùn ìgò sì dà bí sípíríǹgì tí ẹrù náà jókòó lé. Bí nǹkan bá ti ẹrù náà wọlé, sípíríǹgì á tì í jáde. Bí ó bá jáde kọjá ààyè rẹ̀, sípíríǹgì á tún fà á padà. Ọkọ̀ tí fèrèsé òrùlé rẹ̀ wà ní ṣíṣí kò ju ìgò ńlá tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ.

A lè fi ìṣirò díẹ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ká sọ pé àyè inú ọkọ̀ kan jẹ́ mítà kúbíìkì 3, tí ihò òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ mítà 0.8 ní ìbú àti mítà 0.4 láti iwájú sí ẹ̀yìn. Ìlànà Helmholtz yóò fi hàn pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà yóò fẹ́ láti máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wàyí o, bí ọkọ̀ náà bá ń sá eré kìlómítà 72 ní wákàtí kan, mítà 20 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ààjà tí ó wà lójú ihò máa ń rìn ní nǹkan bí ìdajì eré yẹn, ìyẹn mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti sọdá ihò tí ó gùn ní mítà 0.4, yóò gba ààjà kan ní ìdá 4 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbà 25 ni wọn yóò máa forí sọ etí ẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye kan náà tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń fẹ́. Bí ẹni tí ó ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà bá ń tì í ní àkókò tí ó yẹ gẹ́lẹ́, ọmọ náà á fò lọ sókè láìjẹ́ pé ẹni náà lo agbára púpọ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ti ń wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nítorí pé ihò tí ó bá wà lára ọkọ̀ òfuurufú náà máa ń pariwo bí atẹ́gùn bá ń kọjá lórí rẹ̀. Ìwádìí tí J. E. Rossiter ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ihò onígun mẹ́rin, tí ó jáde ní ọdún 1964, ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń tọ́ka sí.

Ipa rẹ̀ lára èrò ọkọ̀

Ìró tí etí ènìyàn lè gbọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìgbọ̀n 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo atẹ́gùn òrùlé wà ní ẹnu ààlà yìí gan-an, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ara a máa gbọ́ ọ ju etí lọ. Ó lè kọjá 100 decibel láìjẹ́ pé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lè sọ pé ohun báyìí ni òun gbọ́. Ohun tí yóò sọ ni pé etí òun ń di, ó ń ṣí, tàbí pé àyà òun ń mì. Ọ̀rọ̀ sísọ á máa já lẹ́nu, ọmọ ọwọ́ a sì máa sunkún. Lórí ìrìn-àjò gígùn, ìgbọ̀n tí kò dáwọ́ dúró yìí máa ń rẹ awakọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ó fi gbogbo ọkàn sí ojú ọ̀nà.

Kò sí ìjókòó kan tí a lè sá sí nínú ọkọ̀. Ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìgbì tí ó gùn tó mítà 17, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni ó ń fún tí ó sì ń sọ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó wà níwájú àti ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń jẹ ìyà kan náà. Títan rédíò sókè kò ràn án rárá.

Ohun tí awakọ̀ lè ṣe

Èyí tí ó yá jù ni kí awakọ̀ yọ gíláàsì fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹnu ìgò ti di méjì nìyẹn. Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ fẹ́ láti máa gbọ̀n yóò yí padà, ìfúnpá tí ààjà kọ̀ọ̀kan bá sì kó wọlé yóò rí ọ̀nà mìíràn gbà sá jáde kí ó tó lè ti ẹrù ẹnu ihò padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a má ṣí òrùlé tán. Bí a bá dín ihò inú àpẹẹrẹ òkè yìí kù sí mítà 0.2, ààjà yóò máa sọdá rẹ̀ ní ìlọ́po méjì iye ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní bá ìgbọ̀n inú ọkọ̀ mu mọ́. Kí àwọn méjèèjì tó tún lè bá ara mu, eré ọkọ̀ ní láti wálẹ̀ sí kìlómítà 36 ní wákàtí kan tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, atẹ́gùn kò sì ní ju ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀ lọ nígbà náà. Èyí ni ó mú kí àwọn olùṣe ọkọ̀ kan ṣètò pé bí a bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, gíláàsì òrùlé yóò dúró kí ó tó ṣí tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ṣí pátápátá ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé bọ́tìnnì náà ti bàjẹ́ ni.

Yíyí eré padà náà wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè máa ṣe nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ ni a ń wá, kí a kàn gbé ẹ̀yìn gíláàsì sókè láìfà á sẹ́yìn ti tó. Ní irú ipò yẹn, gíláàsì fúnra rẹ̀ ń bo ojú ihò, atẹ́gùn tí ó ń kọjá lórí rẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Pátákó adarí-atẹ́gùn

Àtúnṣe tí àwọn olùṣe ọkọ̀ gbójú lé jù lọ ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń gbé orí sókè fúnra rẹ̀ ní etí iwájú ihò nígbà tí òrùlé bá ṣí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́nà kìíní, ó ń gbé atẹ́gùn sókè kí ó lè fò ré ihò kọjá, kí ó sì balẹ̀ sẹ́yìn etí ẹ̀yìn dípò kí ó forí sọ ọ́. Lọ́nà kejì, ó ń da ètò àwọn ààjà rú. Ààjà tí ó bá gùn láti ọ̀tún dé òsì òrùlé tí ó sì dé etí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń lu ìlù. Bí pátákó náà bá ní eyín bí ti ayùn, tàbí bí ó bá jẹ́ àwọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, ààjà ńlá náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì dé ní àkókò tirẹ̀. Atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ kò dín kù. Ìṣọ̀kan rẹ̀ ni ó fọ́.

Gíga pátákó yìí máa ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. Bí ó bá kúrú jù, ìlù kò ní dákẹ́. Bí ó bá ga jù, òun fúnra rẹ̀ yóò máa hó ṣùúù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré gidigidi, yóò sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dán an wò nínú ihò ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn lu ọkọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti pẹ́ láyé, pátákó yìí wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé láti yẹ̀ wò. Apá rẹ̀ lè kán, sípíríǹgì tí ń gbé e sókè lè rọ, eruku lè dí ojú ọ̀nà rẹ̀, àwọ̀n rẹ̀ sì lè ya. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tí òrùlé bá wà ní ṣíṣí tí ọkọ̀ sì dúró, kí ó fi ìka tẹ pátákó náà mọ́lẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì: ó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ta padà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Pátákó oníke tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ tún wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìta òrùlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá ìbú ihò mu, kí ó sì lẹ̀ dáadáa.

Fèrèsé ẹ̀yìn

Ìlù kan náà máa ń dún bí a bá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn kan ṣoṣo nígbà tí gbogbo ìyókù wà ní títì, ó sì lè le ju ti òrùlé lọ, nítorí pé kò sí pátákó kankan níwájú rẹ̀. Fèrèsé iwájú kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ àti òpó gíláàsì iwájú ti da atẹ́gùn rú kí ó tó dé ibẹ̀, ààjà tí ó tò dọ́gba kì í sì í rí àyè dìde. Ọkọ̀ ògbólógbòó tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹ máa ń mú ariwo yìí rọlẹ̀ díẹ̀, torí pé ìfúnpá ń jò jáde lára rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dì pinpin, pàápàá èyí tí ń lo iná mànàmáná tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo, ni a ti ń gbọ́ ọ ketekete.