Orí Fóònù Ta Ni Ojú Òpó Ṣọ́ọ̀bù Màmá Yín Wà?

  

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, tàbí tí wọ́n gbé dé ní kékeré, ló kàn jù. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, màmá ló ń se oúnjẹ tàbí ló ń rán aṣọ, dádì ló ń wa mọ́tò lọ kó ẹrù, ọmọ ọdún 16 ló wá di ọ̀gá ìpolówó. Kò sẹ́ni tó fi í joyè. Wọ́n kàn pè é láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pé, "Ìwọ lo mọ fóònù yẹn lò, wá bá mi ṣí Instagram." Nígbà tó fi máa di ọdún mẹ́ta, gbogbo oníbàárà ló ń gba orí fóònù ọmọ yẹn wọlé.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò lónìí. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ímeèlì ta ni wọ́n fi ṣí ojú òpó yẹn? Nọ́ńbà ta ni kóòdù ń wá sí?

Ẹ rò ó wò. Ọmọ náà wọ yunifásítì ní Toronto. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ níbẹ̀. Ímeèlì tó fi ṣí Instagram, ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, wọ́n sì ti pa á rẹ́ nígbà tó jáde. Lọ́jọ́ kan, Instagram ní kí ó tún wọlé, òun ti fi kóòdù ránṣẹ́. Sí ibo? Sí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Lórí ayélujára, ẹni tó ni nọ́ńbà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Màmá ló ra ìkòkò, òun ló ń san owó ilé, ṣùgbọ́n lójú Meta, kò sí ẹni tó ń jẹ́ màmá níbẹ̀ rárá.

Ẹ ṣí ímeèlì kan fún òwò náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọ, kì í ṣe ti ìjọ, kì í ṣe èyí tí dádì ń lò níbi iṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà kan fún òwò náà pẹ̀lú, kí ó sì jẹ́ orúkọ màmá ló wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù. Ní ti Facebook, ojú òpó òwò kì í ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń fún láṣẹ, olúkúlùkù á sì gba orí àkáǹtì ara rẹ̀ wọlé. Àṣẹ kíkún wà, àṣẹ díẹ̀ náà wà. Ẹni tó ní àṣẹ kíkún lè lé ẹlòmíràn jáde, ó sì lè pa gbogbo ojú òpó náà rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì ní in, kí màmá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ àǹtí yín tó kàn ń bá yín gbé fọ́tò sókè, àṣẹ díẹ̀ ti tó o.

Instagram yàtọ̀, páásíwọ́ọ̀dù ni òun ń lò. Nítorí náà, ẹ tan ìdáàbòbò alẹ́ẹ̀mejì, èyí tó máa ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ bá tàn án, Instagram á fún yín ní àwọn kóòdù kan tí ẹ lè lò lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé. Kí ẹ fi síbi tí màmá ń kó páásípọ́ọ̀tù sí. Gbogbo ilé Yorùbá ló ní àpò yẹn, ẹ má purọ́ fún mi.

WhatsApp Business ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn wa ti ń rajà. Wọ́n gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 2018, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè to ọjà yín síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti iye owó, kí ẹ má máa kọ "ẹlẹ́ran ni tàbí ẹlẹ́ja?" nígbà ogún lójúmọ́. Ẹ lè kọ ìdáhùn sílẹ̀ tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà ní kíláàsì tàbí tí màmá bá ń ṣiṣẹ́ òru. Ìyẹn nìkan, ó ń gba oníbàárà là. Ẹni tí kò rí èsì láàárín wákàtí kan á ti wá ẹlòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tó dára jù nínú rẹ̀ rèé, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Fóònù màmá ni kí ẹ fi ṣí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín mọ́ ọn. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni ẹ lè so mọ́ fóònù kan. Màmá á máa rí gbogbo ohun tí ẹ bá kọ, ẹ̀yin náà á máa dáhùn láti ibikíbi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó lọ, wọ́n á kàn tú fóònù yín sílẹ̀, òwò á máa lọ. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: tí wọn kò bá lo fóònù màmá gan-an fún ọjọ́ 14, gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn ló máa já. Tí àkáǹtì náà bá sì sùn fún ọjọ́ 120 láìsí ẹni tó lò ó, WhatsApp lè pa á rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Nàìjíríà fún oṣù márùn-ún, tó sì yọ síìmù Kánádà jù sínú dúrọ́ọ̀, kí ó ronú.

Àwọn gbájú-ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà. Àkọ́kọ́, wọ́n á kọ̀wé sí ojú òpó yín pé ẹ ti rú òfin, Meta máa ti ojú òpó yín pa láàárín wákàtí 24, ẹ tẹ ibí yìí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Èkejì, ẹni tí màmá mọ̀, láti orí nọ́ńbà tí màmá mọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi kà á." Kóòdù mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp màmá. Wọ́n ti gba ti onítọ̀hún kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn òbí wa kì í fẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ ènìyàn, ìyẹn ni olè ń lò. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ má sì pariwo mọ́ wọn.

Ó yá, ìpolówó fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá wa ń kiri ọjà, wọn kì í kàn pariwo lásán. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n gbé, bó ṣe gbóná tó, bó ṣe dùn tó, àdúgbò tí wọ́n wà ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kiri ní Mọ̀kọ́lá kò pe ará Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú òpó wa. Àǹtí ní Abẹ́òkúta fi ọkàn pupa sí i, ọmọ ìyá wọn l'Ékòó kọ "God bless your hustle", inú wa dùn, ìkòkò ọbẹ̀ sì wà nílẹ̀ ní Calgary, kò sẹ́ni tó rà á. Tí ẹ bá sọ Instagram di ti òwò, ó máa ń fi ìlú tí àwọn tó ń tẹ̀lé yín wà hàn yín. Tí Èkó bá ga ju Calgary lọ, ẹbí ló ń tẹ̀lé yín, kì í ṣe oníbàárà. Kò burú, ẹ kàn mọ̀ ọ́n.

Àsìkò náà ńkọ́? Èkó fi wákàtí 7 tàbí 8 ṣíwájú wa, bí ìgbà bá ṣe rí. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì níbí, tí ẹni tó ti rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń ronú ohun tí yóò jẹ, ọ̀gànjọ́ ni l'Ékòó. Ìgbà yẹn ni kí fọ́tò ẹ̀bà jáde, kì í ṣe ọ̀sán tí ẹbí jí. Meta Business Suite lórí fóònù á jẹ́ kí ẹ tò ó sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀ á gbé e jáde nígbà tó bá yẹ.

Mo tún rí àṣìṣe kan tó ń bí mi nínú. Ẹ kọ "17 Avenue" sórí ojú òpó, ẹ dákẹ́. Èwo nínú wọn? 17 Avenue SE ni International Avenue, ní Forest Lawn, níbi tí oúnjẹ gbogbo ayé wà. 17 Avenue SW, àdúgbò ilé ọtí àti ti àwọn olólùfẹ́ Flames ni. Lẹ́tà méjì yẹn lè gbé oníbàárà kọjá odò. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì fi òwò náà sórí Google Business Profile, nítorí ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tó ń wá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, Google ni yóò bi. Kò ní bi ìjọ yín.

Ní ti ohun tí ẹ máa fi hàn, ẹ rántí Hilda Baci ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní Lekki ló ti dáná, kò sì sí ohun ìyanu kankan nínú fídíò yẹn: ènìyàn kan ń gé àlùbọ́sà, ó ń ro ọbẹ̀, oorun ń kùn ún. Guinness kọ wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn ń wò. Ọwọ́ màmá tó ń gún iyán dára ju páálí aláwọ̀ mẹ́wàá tí ẹ fi áàpù ṣe lọ. Ẹ kàn bi í kí ẹ tó ká ojú rẹ̀, kí gèlè lè wà lórí. Orin ńkọ́? Àkáǹtì òwò kò ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo orin tó wà lórí Instagram. Tí ẹ bá fi orin olórin ńlá sábẹ́ fídíò ìpolówó, wọ́n lè pa ohùn rẹ̀. Ìró epo tó ń ta nínú agbada, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tó ń ya fídíò níta nígbà òtútù, Apple fúnra wọn sọ pé láàárín ìwọ̀n 0 sí 35 ni kí a máa lo iPhone. Nígbà tí Calgary bá lọ sí -30, bátìrì tó ní 40 á kú lójijì. Àpò inú ni kí ẹ fi sí, lẹ́bàá ara. Kí ẹ má sì dá oníbàárà lóhùn nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ lọ gbé ọjà fún wọn o: ní Alberta, 300 dọ́là ni, pẹ̀lú ojúàmì mẹ́ta lórí láísẹ́ǹsì yín. Èrè ìkòkò ọbẹ̀ mélòó nìyẹn?

Òfin wá kan tí ó yẹ kí a sọ gbangba, torí pé àwa ni a ń rú u jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2014 ni Kánádà ti ní òfin lórí iṣẹ́ ìpolówó tí a ń fi ránṣẹ́ tààrà sí ènìyàn, ìbáà jẹ́ ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí WhatsApp. Ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ sì fún un ní ọ̀nà tí yóò fi ní kí ẹ yọ òun kúrò. Ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín, ẹ ní ọdún méjì. Ẹni tó kàn béèrè iye owó, oṣù mẹ́fà. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù kan dọ́là fún ènìyàn kan, mílíọ̀nù 10 fún ilé-iṣẹ́. Mi ò sọ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú màmá yín lọ́la. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé orúkọ àwọn ọmọ ìjọ kì í ṣe ìwé oníbàárà. Ẹni tó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àdúrà kò ní kí ẹ máa ta ẹ̀gúsí fún òun. WhatsApp pàápàá mọ èyí: iṣẹ́ tí ẹ bá fọ́n sí ènìyàn 256 lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kó oúnjẹ fún oníbàárà, ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí yín? Ẹ fi nọ́ńbà wa pamọ́." Ìbéèrè kan, ó parí.

Àti pé ilé àyágbé ni gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà, kò yọ orílẹ̀-èdè kankan sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù kẹfà títí di oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ sì ń fi VPN yọ́ wọlé. Níbí náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Meta bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìròyìn lójú wa nítorí àríyànjiyàn pẹ̀lú ìjọba Kánádà lórí owó, débi pé bí ìwé ìròyìn bá kọ nípa ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ kò lè fi líǹkì rẹ̀ sórí Facebook. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó ń padà wá sínú ìwé. Ìwé onílà lásán ti tó.

Ó ku ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá ń wò wá. Ọmọ tó ń dáhùn ogójì ènìyàn lálẹ́, tó ń mọ ẹni tó san Interac àti ẹni tí kò san, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kì í ṣe eré fóònù. Ẹ san nǹkan fún un lóṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìnáwó òwò. Ní àkókò ìdánwò, kí ẹlòmíràn gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí náà ni mo ṣe ní kí ènìyàn méjì ní àṣẹ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, GST ni: ìgbà tí owó tó wọlé fún yín láàárín ọdún bá ti kọjá 30,000 dọ́là. Ẹ mú ìwé yín dání.