«Kí ló fi jù ú lọ?»: ọ̀rọ̀-ìṣe «fi» àti ìyàtọ̀ owó níbi tí a ti ń ra ọkọ̀ ní Kútọ̀nú

1. Ìfáárà

Bí ọkọ̀ méjì bá jọra, tí owó wọn sì yàtọ̀, báwo ni ìyàtọ̀ owó náà ṣe ń mú ènìyàn yan ọ̀kan, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni a sábà máa ń bi ní irú ìbéèrè yìí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ó kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè náà. Nínú gbólóhùn ìfiwéra Yorùbá, ibi kan náà, ìyẹn ẹ̀yìn «fi», ni iye owó tó lé àti ìdí tó fi lé máa ń wà. Ohun tí yóò gba ibẹ̀ gan-an ni olùtà àti olùrà ń dù.

2. Ọjà náà

Ó ti pẹ́ tí Kútọ̀nú ti jẹ́ èbúté ńlá fún ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. «Venu de France» ni a ń pè é níbí, kódà bó jẹ́ Jámánì ló ti wá. Tòkunbọ̀ ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é, orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ló máa ń kọjá sí Nàìjíríà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún ti ẹnubodè wọn pa. Síbẹ̀, ẹni tó ń ra ọkọ̀ ní páàkì wa kì í ro ti owó òní nìkan. Ó ń ro ti ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

3. Ìdúnàádúrà kan

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó èésú rẹ̀, ó ní kí n bá òun lọ sí páàkì. Ọkọ̀ kékeré tó lè sáré ló ń wá. Ó ku méjì lójú rẹ̀: Golf GTI ìran karùn-ún àti Seat León FR ìran kejì. Volkswagen ló ni Seat. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú méjèèjì, lítà 2 tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin 200. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀:

(1) Olùtà: Owó Golf fi six cents mille ju ti Seat lọ.
(2) Ẹ̀gbọ́n mi: Bàbá, kí ni Golf wá fi ju Seat lọ?
(3) Olùtà: Ó fi orúkọ jù ú lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ò ní í jìyà.
(4) Ẹ̀gbọ́n mi: Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?
(5) Olùtà: Ẹ́ńjìnnì kan náà ni.
(6) Ẹ̀gbọ́n mi: Owó nìkan ló fi jù ú lọ nìyẹn!

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, olùtà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó Golf kù.

4. Àlàyé gírámà

Èdè Faransé ni mo fi kàwé láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń túmọ̀ (1), «six cents mille de plus» ni mo kọ, mo sì kọjá lọ. Àṣìṣe ni mo ṣe. «De plus» kàn ń fi iye kún iye ni. Ẹ wo ohun tí «fi» ń ṣe:

(7) Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu.
(8) Ó fi ọdún méjì jù mí lọ.
(9) Ó fi ọgbọ́n jù mí lọ.

Àbọ̀ «fi» jẹ́ ohun èlò nínú (7), ó jẹ́ iye nínú (8), ó sì jẹ́ ànímọ́ nínú (9). A lè sọ pé «fi» mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìbéèrè sì ń ya (8) àti (9) sọ́tọ̀ lóòótọ́: iye ń gba «mélòó» tàbí «èló», ànímọ́ ń gba «kí». Olùtà ti sọ iye nínú (1), nítorí náà kò sí ohun tí «èló» tún fẹ́ wá. «Kí» ni ẹ̀gbọ́n mi lò, ó sì fi bẹ́ẹ̀ sọ pé iye nìkan kò tó ìdáhùn. Nínú (6), ó wá fi «owó» dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀wọ́n jẹ́ ànímọ́ bí ọgbọ́n. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti wá. Bí «fi» tó gba iye kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú «fi» tó gba ànímọ́, mi ò rí bí ẹ̀fẹ̀ náà ì bá ṣe yé ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé Faransé ni olùtà fi ka owó, ṣùgbọ́n «fi» àti «jù» kò kúrò ní Yorùbá.

5. Ohun tí ìyàtọ̀ owó ṣe

Seat ni ẹ̀gbọ́n mi rà. Ó fi lára owó tó ṣẹ́kù pààrọ̀ táyà àti bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, zémíjàn kan gbá iná iwájú rẹ̀ fọ́. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná wọn kò jọra. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá iná Seat kiri. Ti Golf kún ilẹ̀ níwájú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Golf fi ẹ̀yà ara jù ú lọ nígbà náà, kò kàn sí ẹni tó sọ ọ́ ní ọjọ́ yẹn ni. Kì í ṣe gbogbo six cents mille náà ló jẹ́ owó orúkọ lásán.

6. Ìgúnlẹ̀

Ìdúnàádúrà kan ṣoṣo ni mo gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, kò sì tó láti fi gbé òfin kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dábàá ohun méjì. Èkíní, kí a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní (8) àti (9) pa pọ̀, kí a sì fi «èló» àti «kí» dán wọn wò. Èkejì, kí ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń yan ọjà máa tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn «fi», àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí fi síbẹ̀.