Bí Olùyẹ̀wò BPF Ṣe Ń Ṣọ́ Ààlà Iye àti Atọ́ka nínú Kernel Linux

Kernel ni ọkàn Linux. Bí ètò kan bá ṣìṣe níbẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà lè dẹnu kọlẹ̀. Ìdí nìyí tí olùyẹ̀wò fi ń yẹ ètò BPF wò kí ó tó gbà á láyè láti ṣiṣẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà ṣe é.

Olùyẹ̀wò ń bi rẹ́jísítà kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé iye lásán lo gbé dání, àbí atọ́ka sí ibi ìpamọ́? Bí ó bá jẹ́ iye, èwo ló kéré jù, èwo ló sì pọ̀ jù tí ó lè jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ètò kan ní àyè báìtì 16. Ó mú báìtì kan nínú dátà tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, ó fi kún atọ́ka àyè náà, ó sì fẹ́ ka ohun tó wà níbẹ̀. Iye náà lè jẹ́ 0 títí dé 255, nítorí náà olùyẹ̀wò yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ètò bá kọ́kọ́ béèrè bóyá iye náà kéré sí 16, ọ̀nà pín sí méjì. Ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni, ààlà di 0 sí 15, kíkà sì tọ́. Ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ́, ààlà di 16 sí 255, kíkà kò sì tọ́ níbẹ̀.

Ní ọdún 2020, a rí i pé olùyẹ̀wò ṣi ààlà iye oníbíìtì 32 ṣírò. Ètò lè tipa bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà nínú kernel, kí ó kà, kí ó sì kọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wádìí ààlà kí wọ́n tó wá ìdáhùn.