Omi Títòrò àti Omi Àìléwu: Àyẹ̀wò Omi Ẹ̀rọ ní Agbègbè Onípánù, Ìlú Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí ní ti ìwúlò omi, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá ẹni tí ó mu ún. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè fi la èyí yé akẹ́kọ̀ọ́. Omi a máa tòrò nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ bá rọlẹ̀, tí ènìyàn sì lè rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ojú ni ó ń dájọ́ títòrò. Àìléwu yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn lè wà nínú omi kí ó má sì ba títòrò rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ‘mọ́’ ni ó ń da nǹkan rú, torí pé ó gbé ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó ní omi mọ́ lè máa sọ ti ojú rẹ̀ nìkan, kí ẹni tí ó gbọ́ sì gbà pé ó ṣeé mu. Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ní Onípánù fi bí ìyàtọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì tó hàn.

Onípánù wà létí òpópónà Ìkòròdú, láàrin Fádèyí àti Palmgrove, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú. Bàrígà, tí ó di ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ní 2003, ń bẹ ní ìhà ọ̀sà. Ìjù ni ilé-iṣẹ́ omi tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní Èkó. Ìjọba amúnisìn ṣí i ní 1915. Kí wọ́n tó kọ́ ọ rárá ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People’s Union sílẹ̀, owó omi sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà takò. Àwọn ará Èkó sọ pé àwọn ní kànga, pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ yóò ṣe láǹfààní jù. Ó yani lẹ́nu pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, kànga náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé Èkó tún padà sí.

Kì í ṣe pé omi kò sí lódò. Wọ́n mú ilé-iṣẹ́ Ìjù gbòòrò títí ó fi lè pèsè mílíọ̀nù 45 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, wọ́n sì ṣí ti Adíyàn ní 1991 láti pèsè mílíọ̀nù 70. Ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn a da álọ́ọ̀mù sínú omi odò kí ìdọ̀tí lè ṣù pọ̀ kí ó sì rọlẹ̀; wọn a fi iyanrìn sẹ́ ẹ; kílórínì ni yóò wá pa kòkòrò. Iṣẹ́ álọ́ọ̀mù àti iyanrìn ni títòrò, ti kílórínì sì ni àìléwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí kílórínì tí ó ṣẹ́kù nínú lítà omi kan, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó mìlígíráàmù 0.5, kí ó má sì dín sí 0.2 nígbà tí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ. Òórùn kílórínì tí àwọn ènìyàn máa ń ṣépè fún yìí, ẹ̀rí ni pé ẹ̀ṣọ́ ṣì ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́.

Ojú ọ̀nà ni omi ti ń bàjẹ́. Páìpù tí omi kún inú rẹ̀ tí ó sì ń ti ara rẹ̀ síta kì í gba ìdọ̀tí láyè. Bí ó bá tilẹ̀ lu, omi ni yóò máa jò síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ọba bá lọ, tí ẹ̀rọ tí ń ti omi sì dákẹ́, páìpù a ṣófo, agbára inú rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Nígbà náà ni ohun tí ó wà níta yóò máa wọlé láti ojú ihò kan náà. Ní àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra, páìpù máa ń gba inú gọ́tà kọjá, ohun tí ó wà nínú gọ́tà kò sì fara sin fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onílé kan tún ń dá kún un: wọn a so ẹ̀rọ tí ń fa omi mọ́ páìpù ìjọba tààrà. Onítọ̀hún a rí omi, ṣùgbọ́n fífà tí ó ń fà ni ó ń fa ẹ̀gbin gọ́tà wọ páìpù gbogbo àdúgbò. Kílórínì tí ó kù nínú omi kò lè kápá irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, omi lè jáde ní Ìjù láìléwu kí ó dé Ṣómólú pẹ̀lú ewu, láìsí pé ẹni tí ó sè é ní Ìjù parọ́.

Níbi tí omi ẹ̀rọ kò bá ti yọ, kànga, bohóòlù, mẹ́rúwà pẹ̀lú ọmọlanke àti kẹ́ẹ̀gì, àti píọ́ wọ́tà inú ọ̀rá ni ó kù. Kànga tí kò jìn, tí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀, léwu púpọ̀ nítorí pé omi ilẹ̀ kò jìnnà sókè ní ìlú ọlọ́sà bí Èkó. Omi irú kànga bẹ́ẹ̀ a sì máa tòrò minimini.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti rí irú rẹ̀ ní 1854. Dókítà John Snow fi hàn pé omi ẹ̀rọ kan ní òpópónà Broad ni ó ń tan àrùn onígbáméjì ká. Obìnrin kan tí ó ti kó lọ sí Hampstead ṣì ń ránni lọ bu omi náà wá torí pé ó fẹ́ràn adùn rẹ̀. Àrùn náà ni ó pa á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé onígbáméjì tún ti bẹ́ sílẹ̀, Kósọ́fẹ́ tí ó bá Ṣómólú pààlà sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìlànà Nàìjíríà lórí omi mímu, tí àjọ SON gbé jáde ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2015, kò gba kòkòrò E. coli kankan láyè nínú mìlílítà 100 omi. Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè mọ èyí. Nínú ilé, kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan tó láti pa kòkòrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó gáàsì àti kẹrosíìnì ń mú kí èyí nira. Kílórínì alágolo náà ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá tẹ̀lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n omi ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tòrò, nítorí pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń jẹ agbára kílórínì. Lẹ́yìn èyí, kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró tí ó ní ìdérí sàn ju garawa tí gbogbo ọmọ ilé ń ki kọ́ọ̀pù àti ọwọ́ bọ̀ lọ.