Ọ̀jọ̀gbọ́n Folarin Shyllon àti Òfin tí ó Kan Ìwé tí À ń Tẹ̀

Ẹni tí ó bá gba Òpópónà Ṣípẹ̀olú kọjá ní Ṣómólú, tí ó sì ń lọ sí apá Bàrígà, yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ojúlé dé ojúlé. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ní Èkó ti ń tẹ ìwé ètò ìsìn, ìwé orin, kàlẹ́ńdà àti káàdì ìkórè. Díẹ̀ nínú wa ni ó ń bèèrè, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé ta ni ó ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tẹ̀. Ìbéèrè yìí ni ó mú wa sọ̀rọ̀ nípa olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Folarin Shyllon, tí wọ́n ti ṣe olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n sì papòdà ní 2021. Wọ́n wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ṣàlàyé òfin ohun-ìní ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyíinì ni òfin tí ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn fi làákàyè rẹ̀ dá, ìbáà ṣe ìwé, orin tàbí àwòrán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ ìwé àti orin ni wọ́n ti kọ́kọ́ di olókìkí. Orí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ni. Ní 1974 ni ìwé wọn, Black Slaves in Britain, jáde, nínú èyí tí wọ́n ti yẹ ẹjọ́ James Somerset wò fínnífínní. A ó sọ ìtàn ẹjọ́ náà díẹ̀, nítorí ó kan ìjọ. Ẹrú ni Somerset. Láti Amẹ́ríkà ni ọ̀gá rẹ̀, Charles Stewart, ti mú un wá sí ìlú London. A ṣe ìsàmì fún un ní 1771, lẹ́yìn náà ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i mú, tí wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n dè é sínú ọkọ̀ òkun tí ń lọ sí Jàmáíkà, àwọn òbí ìsàmì rẹ̀ ni ó gba ilé-ẹjọ́ lọ láti gbà á sílẹ̀. (Ọ̀pọ̀ òbí ìsàmì lóde òní gbà pé iṣẹ́ wọn parí ní ọjọ́ tí a bá ti ya fọ́tò tán.)

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, 1772, Adájọ́ Àgbà Lord Mansfield dá Somerset sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹrú tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira. Ọ̀jọ̀gbọ́n Shyllon kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà, wọ́n sì fi hàn pé ohun tí adájọ́ sọ kò tó bẹ́ẹ̀: ọ̀gá kò ní agbára láti fi ipá gbé ẹrú jáde kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ pé oko ẹrú ti dópin níbẹ̀. Mansfield fúnra rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn ní 1785 pé ibi tí ìdájọ́ òun mọ nìyẹn. Òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jáde títí di 1833.

Ní 1977, wọ́n tún kọ ìwé kan lórí àlùfáà James Ramsay, ẹni tí ó rí ìyà àwọn ẹrú ní erékùṣù St. Kitts, tí ó sì kọ̀wé tako ó ní 1784. Àwọn àlùfáà wa yóò jẹ èrè púpọ̀ bí wọ́n bá rí ìwé náà kà.

Ojú tí wọ́n fi ka ìdájọ́ Mansfield ni wọ́n fi ka òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ìwé wọn, Intellectual Property Law in Nigeria, jáde ní ìlú Munich, ní Jámánì, ní 2003. Wọ́n kọ̀wé pẹ̀lú lórí bí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kó lọ sí òkè òkun yóò ṣe padà sílé. Nígbà tí ìwé ti 2003 jáde, òfin 1988 ni a ń lò lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Òfin 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ni ó ti rọ́pò rẹ̀.

Níhìn-ín náà, ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ènìyàn yàtọ̀ sí ohun tí a kọ. Àwọn kan a máa sọ pé orin Ọlọ́run kò ní ẹni tí ó ni ín. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe orin tàbí tí ó kọ ìwé wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún láti ìparí ọdún tí ó kú. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther papòdà ní 1891. Ìtumọ̀ tí àwọn fúnra wọn ṣe ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Thomas Ekundayo Phillips, tí wọ́n tẹ dùùrù ní Kàtídírà tí ó wà ní Marina ní Èkó, papòdà ní 1969. Nítorí náà, orin tí wọ́n ṣe wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí 2039.

Àwọn atẹ̀wé náà a máa sọ pé ọrùn oníbàárà tí ó gbé iṣẹ́ wá ni ẹ̀bi wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ, àti ẹni tí ó ní kí a tẹ̀ ẹ́, òfin lè mú àwọn méjèèjì.

Ibi tí ó le jù fún ìjọ ni iṣẹ́ tí a bẹ ẹnìkan ṣe, bí orin àjọ̀dún tàbí ìtàn ìjọ. A máa ń rò pé owó tí a san ti ra ohun gbogbo. Láti inú òfin 1988 ni a ti là á sílẹ̀ pé ti oníṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ náà, àyàfi bí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ bá sọ ohun mìíràn. Ẹ̀rí ẹnu kò tó. Ojú-ìwé kan ṣoṣo ti tó fún àdéhùn bẹ́ẹ̀, bí oníṣẹ́ àti àwọn aṣojú ìjọ bá fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.