Ìlédìí Ọmọ àti Owó Ìrànwọ́

Ní Òmù-Àrán àti ní Èsìẹ́, a mọ ìyá tí kì í tètè pààrọ̀ ìlédìí ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Owó òmíràn ni kò sí. Ìdí ọmọ á bó, ọmọ á máa ké.

Ní ìparí ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ìdílé tí ó tálákà jù ní ₦5,000 lóṣù. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ rí i gbà. Ní October 2023, Ààrẹ Tinubu kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Wọn kò pè é ní owó ìlédìí, ṣùgbọ́n ìyá lè fi ra ìlédìí.

Ta ni wọ́n fún? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn aláìní ni. Ní ìpàdé àdúgbò ni wọ́n ti yan orúkọ. Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ lọ. Ẹ fi ojú ara yín ka orúkọ yín, ẹ ṣáà ti mọ̀wé.

Kí owó tó dé ńkọ́? Ẹ ya ògbólógbòó ìró sí wẹ́wẹ́. Bí ó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ sá a sóòrùn. Ìdí ọmọ á gbẹ, ilé á tòrò.